Bí ọmọ yín bá ní òun rí ìgbín tó ń tàn lóru

Ọ̀rọ̀ ìgbín la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti inú ọbẹ̀ nìkan. Ìgbín tó ń tàn lóru bíi tannátanná la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dópin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ojú ọmọ tuntun, ó kan ejò, ó kan ìkòkò ọbẹ̀, ó sì kan orúkọ rere àwọn ìyá wa àgbà.

Ẹ jẹ́ ká ní Ẹ̀sìẹ́ lẹ ń gbé, tàbí Òmù-Àrán, tàbí abúlé kan láàárín ilẹ̀ Ìgbómìnà. Òjò ti rọ̀ nírọ̀lẹ́, iná mànàmáná ti lọ, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́jọ sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní òun rí ìgbín kan nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, iná aláwọ̀ ewé sì ń tàn lára rẹ̀. Kí lẹ máa sọ fún un? Àwọn òbí kan á ní irọ́ ló ń pa, wọ́n á lé e lọ sùn. Àwọn kan á kó gbogbo ilé jọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àdúrà ogun. Àwọn mìíràn, èyí ló sì burú jù, á béèrè pé ìyá arúgbó wo ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Kò sí èyí tó yẹ ọmọ náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀sìẹ́ ṣáà kọ́ ni ìlú tí ohun ìyanu ti ṣàjèjì. Inú igbó ibẹ̀ ni àwọn ère òkúta wà, tí iye wọn lé ní 800, tí àwọn ará ìlú ti mọ̀ tipẹ́ kí òyìnbó aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan, H. G. Ramshaw, tó kọ̀wé nípa wọn lọ́dún 1933. Nítorí wọn ni ìjọba fi dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ohun tó bá yani lẹ́nu, wíwò là ń wò ó, a sì ń béèrè ìdí rẹ̀. Ohun tó yẹ ká ṣe fún ọmọ náà nìyẹn.

ÌGBÍN TÓ Ń TÀN WÀ LÁYÉ

Ẹ má pe ọmọ yín ní òpùrọ́, nítorí ìgbín tó ń tàn wà lóòótọ́. Ìlú Singapore, ní apá ìlà-oòrùn ayé lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Onímọ̀ ará Japan kan tó ń jẹ́ Yata Haneda ló ṣàkíyèsí rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ìgbín náà ni Quantula striata. Ìgbín kékeré ni, ìkarahun rẹ̀ kò ju kí èèyàn fi ìka méjì mú un lọ. Abẹ́ ẹnu rẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ tó fi ń wọ́, ni iná náà wà, ó sì máa ń tàn, á kú, á tún tàn, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ tọ́ọ̀ṣì tó sì ń pa á. Kódà, ẹyin rẹ̀ pàápàá máa ń tàn díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa ń tàn dáadáa ju àwọn àgbà lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun nìkan ni ìgbín orí ilẹ̀ tí aráyé mọ̀ pé ó ń tàn. Lọ́dún 2023 ni àwọn onímọ̀ láti Thailand àti Japan tó kéde pé àwọn ìgbín mìíràn tí wọ́n ń pè ní Phuphania, tí wọ́n wà ní Thailand, náà ń tàn. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, agbègbè kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ìgbín ńlá ilẹ̀ wa, yálà èyí tí ìkarahun rẹ̀ dúdú roboto tàbí èyí tó rí ṣóńṣó, kò sí lára ẹbí yẹn, kì í sì í tàn.

Kí ló ń mú kí ẹran ara máa tàn? Kì í ṣe idán. Àwọn ẹ̀dá bíi tannátanná ní èròjà kan nínú ara wọn. Bí èròjà yìí bá pàdé afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, tí èròjà kejì sì ràn án lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ á jáde. Ìmọ́lẹ̀ tútù ni. Kì í jóni, kì í sì í gbóná bíi ti gílóòbù. Ẹ lè jẹ́ kí ọmọ yín gba tannátanná sí àtẹ́lẹwọ́, kó rí i pé kò jó òun, kó sì jẹ́ kó fò lọ.

KÍ NI ỌMỌ NÁÀ WÁ RÍ?

Bí ìgbín wa kì í bá tàn, kí ló tàn nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ohun mẹ́ta ló ṣeé ṣe jù.

Èkíní ni ọmọ tannátanná. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ tannátanná tó ń fò, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì hu ìyẹ́. Ìdin gbọọrọ ni, ó dúdú, ara rẹ̀ rí bí ẹni pé wọ́n to nǹkan pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lé orí ara wọn, ilẹ̀ tútù àti abẹ́ ewé jíjẹrà ló sì ń gbé. Ìdí ìdin náà máa ń tàn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù níbẹ̀: ìgbín gan-an ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á tẹ̀lé ipa ọ̀dà tí ìgbín fi sílẹ̀, wọ́n á gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á bù ú jẹ, wọ́n á sì fi oró ẹnu wọn sọ ọ́ di aláìlágbára kí wọ́n tó jẹ ẹran rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó ní òun rí iná lára ìgbín lè má parọ́ rárá. Ọdẹ ló bá lẹ́nu iṣẹ́.

Èkejì ni olú. Àwọn olú kan wà tó máa ń tàn nínú òkùnkùn lórí igi tó ti jẹrà. Tiwọn kì í kú kó tún tàn, ojú kan ló máa ń wà. Bí ìgbín bá ń jẹ̀ lórí irú igi bẹ́ẹ̀, ojú lè tan èèyàn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé olú tó bá ń tàn kì í ṣe ohun tí à ń já wá sínú ìkòkò, nítorí májèlé wà nínú òmíràn nínú wọn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà ìgbín fúnra rẹ̀. Bí òṣùpá tàbí tọ́ọ̀ṣì bá tàn sí i, á máa dán yinrinyinrin. Ìyẹn kì í ṣe iná, ńṣe ló ń dá ìmọ́lẹ̀ ẹlòmíràn padà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ẹ mú ọmọ náà lọ́wọ́, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jọ lọ wò ó. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mélòó kan kí òkùnkùn lè mọ́ yín lójú. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá bá tọ́ọ̀ṣì lọ, ọ̀dà ni. Bí ó bá wà ṣùgbọ́n tó dúró lójú kan lára igi, olú ni. Bí ó bá ń rìn, tàbí tó ń tàn tó ń kú, kòkòrò ni. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì padà, ẹ ó rí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni gbogbo rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní gbàgbé rẹ̀ títí ayé. Ẹ̀rù á kúrò lára rẹ̀, ọgbọ́n á rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má jẹ ìgbín tí ẹ bá bá ìdin lára rẹ̀. Ìgbín tó ti kú tàbí tó ti ń kú kò yẹ fún ọbẹ̀, ohun yòówù tó pa á.

Ẹ MÁ FI ORÚKỌ ÌYÁ ARÚGBÓ ṢE ÌDÍ INÁ

Ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù, ẹ jọ̀wọ́. Láyé àtijọ́, àti ní ọ̀pọ̀ ibi títí di òní, iná tí a kò mọ orísun rẹ̀ lóru ni a máa ń pè ní iná àjẹ́. Bí ẹnì kan bá ti sọ bẹ́ẹ̀, èkejì á béèrè pé ta ni. Ẹni tí ojú á kọ́kọ́ lọ sí ni ìyá àgbà opó tó ń dá gbé, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó tàbí lókè òkun. Ọmọdé tó sọ pé òun rí iná kò mọ̀ pé òun ti kó ìyá kan sí wàhálà. Àwa àgbà la sọ ọ́ di ẹ̀sùn.

Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń lò ní Gúúsù àti èyí tí wọ́n ń lò ní Àríwá, ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan èèyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀. Àìsàn kan wà tó ń ṣe àwọn àgbàlagbà, tó ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe á máa gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, á máa dá ọ̀rọ̀ sọ, á máa jáde lóru láìmọ ibi tó ń lọ, a sì lè bá a ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn láàárín òru. Ó lè fura sí àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọ́n jí owó òun. Ó tilẹ̀ lè sọ ohun tí kò ṣe pé òun ṣe é, pàápàá bí wọ́n bá fi ìbéèrè há a mọ́gun. Aláìsàn ni irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ, kì í ṣe iwájú àwọn tó fẹ́ kó jẹ́wọ́.

Bí ìyá tàbí bàbá yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tètè mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà mìíràn, kì í ṣe àìsàn ìgbàgbé yẹn rárá. Ibà, àìsàn inú ìtọ̀, àìmumi tó, ìtọ̀ ṣúgà tó lọ sókè tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, tàbí oògùn tí wọ́n ń lò lè da orí àgbàlagbà rú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìwọ̀nyí sì ní ìtọ́jú. Ní ti ilé, ẹ ti ilẹ̀kùn tó lọ síta lóru, ẹ jẹ́ kí iná kékeré wà lójú ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sínú àpò aṣọ wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn aládùúgbò mọ̀ pé ara wọn ni kò yá. Aládùúgbò tó bá mọ̀ á mú ìyá yín padà wálé.

KÍ ỌMỌ TÓ WỌGBÓ LÓRU

Ìgbà òjò ni ìgbà ìgbín. Òru ló máa ń jẹ̀, nítorí oòrùn ń gbẹ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ fi máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì tàbí fóònù lọ ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò, pàápàá ọmọ tó ti gbọ́ pé ìgbín lè máa tàn. Ẹni kejì tó ń jáde ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ejò. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá fún èèyàn, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ sínú ewé títí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò sára àwọn àìsàn tí aráyé ti pa tì jù, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ abúlé ló ń pa jù.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dá lọ. Kí ẹni tó bá ń lọ wọ bàtà òjò, kó fi igi tú ewé kó tó fọwọ́ kàn án, kó má sì ti ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ òkúta. Bí ejò bá ṣán èèyàn, ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀, ẹ bọ́ òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ tó bù ú jẹ, ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ náà rìn, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, níbi tí wọ́n ti lè rí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má sì fi òkúta dúdú lé e. Àkókò tí ẹ bá fi ṣe ìwọ̀nyí ni oró fi ń rìn.

OMI Ẹ̀RỌ̀ ÀTI ỌMỌ TUNTUN

Ẹ̀rọ̀ ni Yorùbá ka omi ìgbín sí. Òun ni a fi ń tu nǹkan lójú, òun ni oúnjẹ Òrìṣà-ńlá, òun sì ni àwọn olóólà ìgbàanì máa ń kán sí ojú abẹ. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé àwọn baba wa kò ní ìdí. Omi náà tutù, ó sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ àti orí ìdọ̀tí ni ìgbín ń rìn, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti egbò kíkẹ̀ sì máa ń wà nínú omi rẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè mú un jẹ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò lè mú un jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń wẹ ọmọ tuntun, ọwọ́ yín la gbé ọ̀rọ̀ yìí lé. Ẹ má kán omi ìgbín sí ojú abẹ ọmọ, ẹ má kán an sí ìdodo, ẹ má sì kán an sójú ọmọ tó ń ṣe ipin. Ìdodo ọmọ fẹ́ kó mọ́, kó sì gbẹ. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n ń fún àwọn abiyamọ fún ìdodo wà. Ìdodo nìkan ni ó wà fún, ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ojú ọmọ rárá, nítorí ó ti ba ojú ọmọ jẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan níbi tí àwọn èèyàn ti ṣì í lò. Ojú tó bá pọ́n, tó wú, tàbí tó ń ṣọyún nínú oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró di ọ̀la. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí irú ojú bẹ́ẹ̀ lè fọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

TA LÓ YẸ KÓ JẸ ÌGBÍN?

Ẹran ìgbín dára. Ọ̀rá inú rẹ̀ kéré, èròjà tó ń mú ara dàgbà pọ̀ nínú rẹ̀, ó ní èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára, ó sì ní èyí tó ń mú egungun le. Ó dára fún ọmọ tó ń dàgbà, ó dára fún àgbàlagbà tí wọ́n ní kó yẹra fún ẹran ọlọ́ràá, ó sì dára gan-an fún aboyún.

A mọ̀ pé àwọn kan á ta ko ti aboyún. Èèwọ̀ àtijọ́ ni pé aboyún tó bá jẹ ìgbín, ọmọ rẹ̀ á máa da itọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Gbogbo ọmọ ló ń da itọ́, yálà ìyá wọn jẹ ìgbín tàbí kò jẹ ẹ́. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni itọ́ ti ń pọ̀ lẹ́nu ọmọ, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì dáadáa. Bí eyín bá ń hù, á tún pọ̀ sí i. Bó bá tó ọmọ ọdún méjì, ọ̀pọ̀ ti fi í sílẹ̀. Ọmọ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin tó ṣì ń da itọ́ ni kí ẹ mú lọ bá dókítà, kì í sì í ṣe ìgbín ló fà á. Ìyà tí èèwọ̀ yìí ń fi jẹ aboyún kì í ṣe kékeré. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré tẹ́lẹ̀, tí owó ẹran màlúù wọ́n fún, tí ìgbín sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n ní kó máa fi ewébẹ̀ lásán jẹun. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré ń pa aboyún lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Kò sí itọ́ tó pa ọmọ rí.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra wà o. Ẹni tí edé tàbí alákàn kò bá lára mu, tí ara rẹ̀ máa ń wú tàbí tó ń yún un bó bá jẹ ẹ́, kó ṣọ́ra fún ìgbín náà. Bákan náà ni ẹni tó ní ikọ́ fée, pàápàá èyí tí eruku máa ń ta jí. Àwọn dókítà ti rí i pé kòkòrò wínníwínní inú eruku ilé àti ìgbín ní èròjà tó jọra, tí ẹni tí ọ̀kan ń bá jà fi lè rí ìjà èkejì. Bí èémí ẹnì kan bá ń há lẹ́yìn tó jẹ ìgbín tán, ilé ìwòsàn ló kàn. Ní ti àwọn àgbà tí eyín wọn ti dín kù, ẹ gé e wẹ́wẹ́ fún wọn, nítorí ẹran ìgbín le, ó sì lè há èèyàn lọ́fun. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò ní wàhálà pẹ̀lú ìgbín, iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ ìgbín ni kó dín kù.

Kí ẹ tó sè é, ẹ fi álọ́ọ̀mù tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọ̀dà rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ yọ ìfun rẹ̀ dànù, ẹ sì jẹ́ kó hó fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Kì í ṣe adùn nìkan la ń wá. Aràn kan wà tó ń gbé nínú ẹ̀dọ̀fóró èkúté, tó máa ń gba inú ìgbín kọjá. Bí èèyàn bá jẹ ìgbín tútù tàbí èyí tí kò jinná, aràn náà lè wọ inú ọpọlọ. Iná ló ń pa á. Nítorí rẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe máa fọ ewébẹ̀ ní ewé kọ̀ọ̀kan, kí ìgbín kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọn lè jáde, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tó ń rá máa fi ìpéré sẹ́nu. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ìgbín, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣa ìgbín jẹ nínú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn apako tàbí apakòkòrò fín, ẹ má sì ṣa á lórí ààtàn tàbí lẹ́bàá ilé àwọn mẹkáníìkì. Ohun tí ìgbín bá jẹ ló ń gbé sára.

Ẹ jẹ́ ká tún rántí pé ìgbín orí ilẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn ìgbín kéékèèké inú odò. Àwọn ti inú odò kan ló ń gbé kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Kì í ṣe jíjẹ ló ń kó o ranni, wíwẹ̀ nínú odò ni. Kòkòrò náà á gba ara wọlé. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe pé ó ti ń dàgbà, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ láwọn ilé ẹ̀kọ́ níbi tí àìsàn náà bá ti pọ̀.

IṢẸ́ TÍ ÀGBÀ LÈ FI ỌWỌ́ RỌRA ṢE

Fún ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, sínsin ìgbín kò gba agbára. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó yí ibi tó ní ibòji ká, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀ kí wọ́n má bàa gùn ún jáde, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀. Ewé ìbẹ́pẹ, ìbẹ́pẹ pípọ́n, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé kókò ni oúnjẹ wọn. Ẹ lọ ìkarahun ẹyin kúnná fún wọn kí ìkarahun tiwọn lè le. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ dé ibẹ̀. Ìgbín dúdú ńlá wa kì í yé ẹyin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tó nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n tó pa, á sì tó bí ọdún kan kí ọmọ rẹ̀ tó dàgbà. Nígbà ọyẹ́, á fi nǹkan funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, á sùn. Àkókò yẹn gan-an ni owó rẹ̀ máa ń gbówó lórí lọ́jà. Bí ẹ bá rí ọmọ tannátanná nínú ọgbà yín, ẹ fi igi gbé e jù síta, nítorí ó wá jẹun ni.

Ẹni tó bá sì ń ṣa tinú igbó, kó fi àwọn kéékèèké sílẹ̀. Ìgbín tí a kó tọmọtọmọ lónìí ni a kò ní rí lọ́dún tó ń bọ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni kí ẹ fi dá ọmọ yín lóhùn bó bá ní òun rí iná nínú òkùnkùn. Ẹ bá a lọ wò ó. Bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e: bí ẹ̀yin àgbà bá ṣe rìn nípa ohun tí ẹ kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ á ṣe tẹ̀lé yín, yálà sínú ẹ̀rù àti ẹ̀sùn, tàbí sínú ìmọ̀ àti àánú.